Títa Ohùn Olórin Láìgba Àṣẹ: Ṣé Òwò Ẹ̀tọ́ Ni?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń fi ọjà títà wá oúnjẹ òòjọ́. Olórin lọ ṣeré níbi ìnáwó ní alẹ́ Sátidé. Ẹnì kan gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ agbo. Kí ọjọ́ Ajé tó parí, eré náà ti di ọjà nínú ìsọ̀. Láyé kásẹ́ẹ̀tì ni òwò yìí ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá lórí eré fújì. Síídì gbà á lọ́wọ́ kásẹ́ẹ̀tì, fóònù alágbèéká sì gbà á lọ́wọ́ síídì. Ọjà ń pa aṣọ dà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ó dúró: ta ni ó ni ohùn tí wọ́n ń tà?

Àwọn àgbà sọ pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Láyé àtijọ́, ohùn olórin kì í kọjá ojú agbo. Bí eré bá tú, ohùn náà ti lọ. Ẹ̀rọ ni ó sọ ọ́ di ohun tí a lè tọ́jú, tí a sì lè tà. Nígbà tí ohùn sì di ọjà, ó di dandan kí òfin wá ẹni tí ó ni ín.

Àwíjàre mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń ṣe òwò yìí.

Èkíní ni pé onínàáwó ti san owó olórin tán, ó sì ti gbà kí wọ́n gba ohùn sílẹ̀. Èyí kò dúró. Ẹni tí ó pe aránṣọ wá sílé láti rán aṣọ kan kò tíì ra ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Eré alẹ́ kan ni onínàáwó san owó fún. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1988, tí ó dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, fi àṣẹ gbígba eré sílẹ̀ àti ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ọwọ́ olóṣèré fúnra rẹ̀ fún àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ọdún tí eré náà wáyé. Ní 1993 ni Nàìjíríà wọ inú àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní ìlú Róòmù ní 1961 lórí ẹ̀tọ́ àwọn olóṣèré. Òfin tuntun ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, rọ́pò ti àtijọ́, ó sì tún fìdí ẹ̀tọ́ yìí múlẹ̀.

Èkejì ni pé kò sí ohun tí wọ́n jí, nítorí pé eré náà kò tíì sí nínú àwo kankan. Èyí ni ó jinlẹ̀ jù, àwọn adájọ́ pàápàá sì ti jiyàn lé e lórí. Ní 1985, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ lórí ọ̀ràn àwọn àwo orin Elvis Presley tí wọ́n ṣe láìgba àṣẹ, pé òfin tí ó de kíkó ẹrù olè láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn kò bá irú ọjà bẹ́ẹ̀ wí. Síbẹ̀, ìdájọ́ yẹn kò sọ ọjà náà di ẹ̀tọ́, nítorí pé òfin mìíràn ti de ṣíṣe ẹ̀dà orin olórin. Ní 1994 ni Amẹ́ríkà wá ṣe òfin pàtó lórí eré ojú agbo. Ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Florida, tí ó ta síídì irú eré bẹ́ẹ̀, jiyàn pé ohun tí a ti gbé kalẹ̀ lákọsílẹ̀ nìkan ni ìjọba lágbára láti dáàbò bò. Ní 1999, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kọ àwíjàre rẹ̀, ó sì fi ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó bá ní ohùn kì í ṣe dúkìá ni ó ń gba owó lórí rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ dúkìá, kí ni oníbàárà ń rà?

Ẹ̀kẹta ni pé orin kò kan Mùsùlùmí, nítorí pé àwọn onímímọ̀ kan kà á sí èèwọ̀. Ẹni tí ó bá kà á sí èèwọ̀ kò gbọdọ̀ tà á rárá. Ẹni tí ó bá sì kà á sí ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ olóhun. Kò sí ọ̀nà kẹta. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1988, àwọn onímímọ̀ Fíkíhì láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ní Kuwait, wọ́n sì pinnu pé ẹ̀tọ́ olùkọ̀wé àti ti ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan jẹ́ ẹ̀tọ́ tí Ṣẹ́ríà mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ lójú. Ó sòro kí òógùn olùkọ̀wé ní olówó kí ti olórin má ní.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì dúró lórí fújì nìkan. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, wáàsí pọ̀ lọ́jà bíi ti orin. Ẹni tí ó gba wáàsí sílẹ̀ láti fi kọ́ ara ilé rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà fún títà. Pé iṣẹ́ Ọlọ́hun ni kò sọ owó àìgbàṣẹ di mímọ́.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí ó jí kàkàkí ọba kò ní ibi tí yóò ti fọn ọ́n. Láyé òde òní, títì ni wọ́n ti ń fọn ọ́n, tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn pe oníbàárà.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tí ó wà nínú òwò yìí bi ara rẹ̀ léèrè kí ó tó na ọjà sílẹ̀: ta ni ó kọ orin yìí, ta ni ó ṣeré rẹ̀, ta ni ó fún òun láṣẹ? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó wá olórin lọ, kí wọ́n jọ ṣe àdéhùn tí a kọ sílẹ̀, kí ó máa yọ ìpín rẹ̀ fún un. Èrè lè kéré, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ọmọ rẹ̀ bá jẹ níbẹ̀ yóò mọ́. Kí Ọlọ́hun bùkún ọwọ́ àwọn tí ń ṣòwò òdodo. Àmín.