Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀wà Gbó Kí Ẹ Tó Kórè Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti Mowe, Ibafo àti Ifọ)

 

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbin ẹ̀wà sí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé wa ní Mowe. Ewúrẹ́ àdúgbò ń yọjú, òjò ń ṣú, ni mo bá sáré ká gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àti tútù àti gbígbẹ. Mo dà á sínú àpò, mo so ó pinpin, mo gbé e lọ fún opó kan tó ń tọ́ ọmọ òrukàn mẹ́rin. Nígbà tí mo padà lọ kí wọn, ìyá náà dúpẹ́ títí, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ kékeré ló ní, "Màmá, ẹ̀wà yín ti bu, a ti dà á nù." Ojú tì mí. Ọlọ́hun kọ̀ ọ́ fún wa nínú Súrátul-Bàkọrah pé ká má ṣa èyí tí kò dára fi tọrẹ. Èmi kò ṣà á, àìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ mi kò di oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ yẹn.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé ẹ̀wà kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo, ẹ ó rí òdòdó, ẹ ó rí èyí tó ṣì tutù, ẹ ó sì rí èyí tó ti gbẹ. Irú tó ń tètè so máa ń bẹ̀rẹ̀ sí gbó ní nǹkan bí ọjọ́ 60 sí 75 lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín. Èyí tó ń fà nílẹ̀ ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má ka ọjọ́ nìkan. Ẹ wo èèpo rẹ̀. Tó bá ti dà bí koríko gbígbẹ, tí ẹ mì í tí ọmọ inú rẹ̀ ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ti tó ká. Tó bá ṣì rọ̀ lọ́wọ́, ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni èmi ń yẹ̀ ẹ́ wò nísinsìnyí, láàárọ̀, nítorí pé tí oòrùn bá ti mú, èèpo gbígbẹ á máa là, ọmọ ẹ̀wà á sì fọ́n sílẹ̀. Adìẹ aládùúgbò mi mọ ọjọ́ ìkórè mi ju èmi lọ.

Kó má sì pẹ́ jù. Kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà nihò kì í dúró de àpò. Inú oko ló ti ń yé ẹyin sára èèpo. Bí òjò bá sì ń pa èyí tó ti gbẹ, á hù lórí ẹ̀ka tàbí kó bu. Ìdí nìyẹn tó fi dára ká gbìn ín láti ìparí oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹsàn-án, kó lè gbó nígbà tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́. Èyí tí ẹ bá gbìn ní oṣù kẹrin, inú òjò ni yóò gbó sí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lù ú, tí ẹ fẹ́ ẹ, ẹ sá a sóòrùn lórí ẹní. Ẹ fi eyín ge ọ̀kan. Bí eyín bá rì sínú rẹ̀, kò tíì gbẹ. Bó bá là kẹ́, ó ti tó. Ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ dé ẹnu, kí ẹ dé e pa. Àìsí atẹ́gùn á pa kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀tápíápíá sí i. NAFDAC ti kìlọ̀ fún wa.

Ẹ máa ń bi mí nípa sàká. Ní ojú ọ̀nà Ìmáàmù Málíkì, sàká wà lórí ẹ̀wà tó bá lé ní kílò 600 ní gbígbẹ. Ẹ̀yìnkùlé wa kò lè dé ibẹ̀. Sàráà ni tiwa. Ẹni tó bá ní oko ńlá lápá Ifọ, ọjọ́ ìkórè ni ẹ̀tọ́ náà délẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́wàá bó bá jẹ́ òjò ló rin ín, ìdá kan nínú ogún bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ náwó bomi rin ín.

Opó tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, mo ti gbé òmíràn lọ fún un. Ó fi eyín ge ọ̀kan níwájú mi kó tó gbà á, àwa méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.