Irúgbìn Ọkà Nínú Ilẹ̀ Tí Omi Dágún Sí

Bí a bá dárúkọ ẹ̀kún omi ní ilẹ̀ yìí, ọkàn ènìyàn a lọ sí etí odò Ọya àti odò Bẹ́núè, níbi tí omi ti bo oko mọ́lẹ̀ ní ọdún 2012 àti ọdún 2022. Ẹ̀jìgbò kò sí ní ẹ̀bá odò ńlá bẹ́ẹ̀. Omi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni ó ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu níbẹ̀, títí dé Ìlawó àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn: òjò ńlá a rọ̀ lóru, òmíràn a tẹ̀lé e, omi a sì dágún lórí àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn.

Bí àgbẹ̀ bá wá tú ilẹ̀ wò, yóò ní irúgbìn òun jẹrà. Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ tèmi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ̀yìn ikú ni ìjẹrà ń dé. Àìrí afẹ́fẹ́ mí ni ó pa irúgbìn náà. Irúgbìn tí ó bá ti mu omi ti jí. Ọlẹ̀ inú rẹ̀ ń mí, ó sì ń fi ọ́síjìn sọ oúnjẹ tí ó gbé wá láti ara ìyá rẹ̀ di agbára. Ṣùgbọ́n ìrìn ọ́síjìn nínú omi lọ́ra tó ìlọ́po 10,000 ju ti inú afẹ́fẹ́ lọ. Èyí tí ó wà nínú ilẹ̀ lè tán láàárín ọjọ́ méjì péré, pàápàá nínú ilẹ̀ tí ó móoru bí tiwa. Irúgbìn a wá máa ṣe bí ẹmu tí ń kan: ṣúgà inú rẹ̀ a di ọtí, agbára tí ó ń rí níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣúgà a tún máa jò síta, kòkòrò àìfojúrí a sì péjọ.

Ìrẹsì ni ó yàtọ̀. Òun lè tú oúnjẹ inú rẹ̀ láìsí ọ́síjìn, a sì kọ́kọ́ na èéhù sókè láti wá afẹ́fẹ́, kí ó tó ta gbòǹgbò. Àgbàdo àti ọkà bàbà kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, àkùrọ̀ tí omi kì í tètè fi sílẹ̀ ní àkókò òjò, ti ìrẹsì ni.

Ẹni tí ó bá gbà pé irúgbìn ni ó jẹrà yóò bá ẹni tí ó tà á jà, yóò ra òmíràn, yóò sì gbìn ín sí ojú kan náà. Owó lọ, àkókò ìgbìn sì ń lọ. Kí ó tó rà, kí ó fi 20 lára èyí tí ó ṣẹ́kù sínú iyanrìn tútù nílé. Bí 18 bá hù, ọkọ́ ni kí ó gbé, kí ó kọ ebè tí ó ga, kí ó sì la poro fún omi láti gbà jáde.