Igi Ìdáná ní Etí Òkun Àgbádárìgì

Kì í ṣe gbogbo igi gbígbẹ ni ó yẹ fún ààrò. Àwọn obìnrin tí ń yan ẹja láàárín ọ̀sà àti òkun ní Àgbádárìgì mọ èyí dájú. Síbẹ̀, bí igi méjì bá gbẹ dọ́gba, kílò kan nínú èkínní kò fi bẹ́ẹ̀ ní ooru ju kílò kan nínú èkejì lọ. Níbo wá ni ìyàtọ̀ wà? Ó wà nínú bí igi ṣe ki tó, àti nínú omi tí ó wà lára rẹ̀. Igi àràbà fúyẹ́. Ìdì rẹ̀ kan lè jó tán kí omi ọkà tó hó. Igi inú ẹrẹ̀ ọ̀sà, tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró gangan bí ẹsẹ̀ akàn, wúwo ní tirẹ̀: iná rẹ̀ a máa pẹ́, ẹyín iná rẹ̀ kì í sì í tètè kú.

Omi lè kó ìdajì ìwọ̀n igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Iná ní láti kọ́kọ́ lé omi yìí jáde. Ooru tí ì bá se oúnjẹ a bá a lọ, èéfín a sì gba ilé kan. Ọparun ní ọ̀ràn tirẹ̀: bí a kò bá là á, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a wú, a sì bú bí ìbọn.

Àgbọn ni ọrọ̀ ilẹ̀ yìí. Imọ̀ rẹ̀ jó wàì, ó kú wàì. Ìfinná ni ó dára fún. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń jó lábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú èéfín púpọ̀. Èéfín náà ni ayanja ń wá, ojú àti àyà rẹ̀ ni kò sì gbádùn. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bí 3.2 mílíọ̀nù ènìyàn ní 2020.

Ṣé kí wọ́n padà sí igi inú ẹrẹ̀, nígbà náà? Ìdí gbòǹgbò rẹ̀ ni ọmọ ẹja àti edé ti ń dàgbà. Ẹni tí ń fi í yan ẹja ń sun ilé ẹja.

Ààrò ni ó yẹ kí á tún ṣe. Ní Chorkor, lẹ́bàá Accra ní Gánà, wọ́n ṣe irú kan jáde ní nǹkan bí 1970. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Àtẹ onígi tí wọ́n na wáyà sí ń gun orí ara wọn, ooru kan náà ń la gbogbo wọn kọjá, ayanja a sì máa pààrọ̀ ti ìsàlẹ̀ sí òkè títí ẹja yóò fi yan dọ́gba.