Ohun Tí À Ń Dà Sí Ààtàn



Àwọn baba wa máa ń wí pé, ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Òwe yìí sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a rò ó pé àwa tí a ń gbé ní Edjeba, lórí ilẹ̀ tí gáàsì kún abẹ́ rẹ̀, ṣì ń ra gáàsì ní ọ̀wọ́n. Òru kì í ṣú tán ní àwọn oko epo kan ní Ìpínlẹ̀ Delta, nítorí gáàsì tí wọ́n ń sun dànù. Síbẹ̀ ìyá tí ó wà ní abúlé ṣì ń fẹ́ igi tútù lójú àdògán, èéfín sì ń ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Gáàsì abẹ́ ilẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́ wa. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí ẹni tí ó ń sin ẹran lè pèsè fúnra rẹ̀, láti inú ìgbẹ́ màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ, àti láti inú pàǹtí oko.

A ó po ìgbẹ́ tútù mọ́ omi ní ìwọ̀n kan náà, a ó sì dà á sínú kòtò tí a fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì mọ, tí a dé pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà wọ̀ ọ́. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí yóò máa jẹ ẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gáàsì yóò máa jáde, páìpù yóò sì gbé e lọ sí ilé ìdáná. Ìgbẹ́ màlúù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a so mọ́lé lè tó fi se oúnjẹ ìdílé kan. Ẹ̀tẹ̀ tí ó bá sì ṣẹ́kù, ajílẹ̀ dáradára ni fún ẹ̀fọ́ àti àgbàdo.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní ọdún 1985, Fada Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà tí ó jẹ́ àlùfáà ẹgbẹ́ àwọn Dominican, dá oko Songhai sílẹ̀ lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan ní Àjàṣẹ́, ìlú tí a tún ń pè ní Porto-Novo, ní Olómìnira Benin. Níbẹ̀ ni ìgbẹ́ ẹran ti ń di gáàsì ìdáná, tí àṣẹ́kù rẹ̀ sì ń bọ́ ọgbà àti adágún ẹja. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Delta pàápàá dá irú oko náà sílẹ̀ ní Amukpe, lẹ́bàá Sapele, tí kò jìnnà sí wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn láti fi owó ránṣẹ́ sílé kí wọ́n fi kọ́ nǹkan, kí a sì gbàgbé rẹ̀. Kòtò gáàsì kò gba irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ikùn ènìyàn ni ó rí: ojoojúmọ́ ni ó ń jẹun. Bí ẹran bá ń jẹ̀ káàkiri, tí kò sí ẹni tí yóò kó ìgbẹ́ wọn jọ, tí omi sì jìnnà, kòtò náà yóò kú. Bí a bá da èèpo ẹ̀gẹ́ púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, inú rẹ̀ yóò kan, gáàsì yóò sì dá. Wẹ́wẹ́ ni kí a gé e, díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa pò ó mọ́ ìgbẹ́. Igi kò wúlò fún un.

Gáàsì yìí sì ń gbiná. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi wá ibi tí páìpù ti ń jò, kì í ṣe ìṣáná. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wọ inú kòtò náà, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé: ta ni yóò máa bọ́ ọ? Bí ẹ bá rí ọ̀dọ́ kan tí ó gbà, tí ẹ sì ṣètò owó iṣẹ́ rẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ ra bíríkì. Nígbà tí Olúwa wa bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn yó, kò jẹ́ kí àjẹkù ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó kó o jọ sínú agbọ̀n.

Àlàáfíà Olúwa kí ó wà pẹ̀lú yín. Ó di ìgbà mìíràn.