Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Tí Ń Lo Oògùn HIV



Láti ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń pín oògùn HIV lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí à bá ti sin sì ń dàgbà di arúgbó. Ewu mìíràn ni ó wá ń dúró dè é: ọ̀rá tí ń dì mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, tí í fa rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn òjijì. Bí oògùn tilẹ̀ tẹ kòkòrò náà rì, kì í yé da iṣan ẹ̀jẹ̀ láàmú. Díẹ̀ nínú àwọn oògùn náà sì ń fi kún ọ̀rá.

Ní ọdún 2023, àbájáde ìwádìí REPRIEVE jáde, lórí 7,769 ènìyàn ní orílẹ̀-èdè 12, Uganda àti Zimbabwe wà lára wọn. Ewu àìsàn ọkàn wọn kéré tàbí kí ó mọ níwọ̀n. Síbẹ̀, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi nǹkan bí 35 nínú 100 dín lára àwọn tí ń lo pitavastatin lójoojúmọ́. Dídín epo ọbẹ̀ ẹyìn kù dára, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ yìí nìkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹni tí ń lo ritonavir pẹ̀lú lopinavir tàbí atazanavir, bí ọ̀pọ̀ tí oògùn àkọ́kọ́ kò ràn mọ́, kò gbọdọ̀ lo simvastatin. Ritonavir kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ fọ́ ọ. Yóò pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, yóò jẹ iṣan ara, yóò sì ba kíndìnrín jẹ́. Dókítà ní òmíràn tí ó lè yàn, bí atorvastatin ní ìwọ̀n kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ń tì a wọ kẹ́míìsì, a béèrè oògùn ọ̀rá, kò ní dárúkọ èyí tí ó ń lò. Òfin ọdún 2014 tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí HIV pa á láṣẹ pé kí àṣírí aláìsàn wà ní bíbò. Ó yẹ kí oníkẹ́míìsì pẹ̀lú mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Oògùn HIV jẹ́ ọ̀fẹ́. Àyẹ̀wò ọ̀rá àti statin, àpò aláìsàn ni ó sábà máa ń ti jáde. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró ní January 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà fún oògùn HIV. Statin kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Olùdíje tí ó bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í bóyá adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Edo yóò san owó méjèèjì, àti láti oṣù wo.