Oògùn Egungun Tó Ń Ta Ni Láyà
Mámá tó ń lo alendronate nítorí egungun tí kò lágbára mọ́, tí àyà wá ń ta, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń lò ó? Oníhóró 70 mg, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Bó bá há sọ́nà ọ̀fun, á bó o. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ fi omi lásán ife kan gbáko gbé e mì. Kì í ṣe tíì, kì í ṣe mílíìkì o. Kálísíọ́ọ̀mù inú mílíìkì kì í jẹ́ kí oògùn náà wọ ara. Lẹ́yìn náà, ẹ wà ní ìjókòó tàbí ìdúró fún ìṣẹ́jú 30. Bí gbígbé nǹkan mì bá ń dùn yín, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ tètè rí dókítà. Ẹni tó bá sì fẹ́ yọ eyín, kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà eyín pé òun ń lò ó.