Ọ̀nà Àtijọ́ Tí A Fi Ń Gun Àpáta Olúmọ

Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni ilẹ̀ Ìkòtún. Láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìgándò, ẹni tí ó bá fẹ́ wo ọ̀nà jíjìn níláti gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítorí kò sí òkè kan níbẹ̀ tí í gbé ojú ènìyàn sókè. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ lè dàgbà kí ó tó fi ọwọ́ kan àpáta tí ó tóbi ju ilé lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni irú àpáta bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí i. Bí ó bá jí ní kùtùkùtù, tí ó gba Ìyànà Ìpájà lọ sí Ṣàngó Ọ̀tà, tí ó sì gba Ìfọ̀ àti Ìtòrì kọjá, yóò dé Abẹ́òkúta kí oòrùn tó mú. Yóò gun Olúmọ, yóò sì padà wá sùn ní ilé rẹ̀.

Olúmọ kò ga bí a bá fi wé òkè Ìdànrè. Ìwọ̀n mítà 137 ni a máa ń sọ pé orí rẹ̀ fi ga ju òkun lọ, ẹni tí ara rẹ̀ dá yóò sì dé òkè kí wákàtí kan tó pé. Àwọn tí ó sá wá sí abẹ́ rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó dà. Lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá, tí wọ́n sì ti di àlejò tí a kò fẹ́ mọ́ ní Ìbàdàn, wọ́n kó ẹrù wọn jáde. Lámọ́dí tí í ṣe olórí wọn kò bá wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́ ni ó kó wọn dé ibẹ̀ ní 1830. Ọdẹ kan tí a ń pè ní Adágbá ti ń dáko níbẹ̀ ṣáájú wọn, ìdí nìyí tí ìlú náà fi ń jẹ́ Oko Adágbá títí di òní.

Nísinsìnyí, ọ̀nà méjì ni ó gun orí àpáta náà. Nígbà àtúnṣe ńlá tí wọ́n ṣí ní oṣù kejì ọdún 2006, ìjọba fi àtẹ̀gùn oníkọnkéré àti ẹ̀rọ agbénigòkè síbẹ̀. Kí àwọn àgbàlagbà àti ẹni tí orúnkún ń dùn gba ibẹ̀. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le tí ó sì gba ibẹ̀ fi ohun tí ó bá wá sílẹ̀ ni.

Ọ̀nà àtijọ́ kọ́kọ́ dé ibi ihò tí ó wà lábẹ́ àpáta. Òrùlé ihò náà kò ga, àgbà níláti tẹ̀ba kí ó tó wọlé. Àwọn ihò kéékèèké tí ó rí bí ojú odó wà lórí òkúta níbẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ oúnjẹ nígbà tí àwọn ọkùnrin ń ṣọ́nà lókè. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti há mọ́ àárín àwọn òkúta ńláńlá. Ènìyàn yóò fi ẹ̀gbẹ́ wọ ibòmíràn, yóò sì fi ọwọ́ di òkúta mú kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìdí tí àwọn Ẹ̀gbá fi yan àpáta yìí ti ń yé ènìyàn láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé: ogun, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa gba ibẹ̀ wọlé, ẹni tí ó wà lókè yóò sì ti rí i.

Ẹ má ṣe gba ọ̀nà náà nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Èéhù a máa yọ̀ lórí òkúta, bàtà aláwọ kò sì lè dì í mú. Bàtà onírọ́bà tí ó ní ìlà lábẹ́ ni ó yẹ. Kí a gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo. Nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, kí mẹ́ta máa wà lórí àpáta nígbà gbogbo, kí ẹyọ kan máa wá ibi tí yóò dì mú. Ìsọ̀kalẹ̀ ni ó ń ṣubú lu ènìyàn ju ìgòkè lọ, nítorí ẹsẹ̀ ti rẹ̀, ọkàn sì ti balẹ̀. Níbi tí ó bá dagun, kí ènìyàn kọjú sí òkúta, kí ó sì máa fi ẹ̀yìn sọ̀ bí ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Bí àrá bá ń sán, kí gbogbo ènìyàn kúrò ní orí òkè.

Lókè, odò Ògùn hàn lọ́ọ̀ọ́kán, àti ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter ní Aké, àti àwọn òrùlé páánù tí ó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ. Àwọn mìíràn a máa sọ pé orí Olúmọ ni a ti ṣẹ́gun àwọn ará Dàhòmì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1851, ibi odi ìlú ni àwọn Ẹ̀gbá ti lé ogun ọba Gezo padà, wọ́n sì tún lé àwọn ará Dàhòmì ní 1864. Nígbà náà, ìlú ti jáde kúrò lábẹ́ òkúta, ó ti mọ odi tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń padà sí Ìkòtún, kí ó ti sọ̀kalẹ̀ kí agogo mẹ́ta ọ̀sán tó lù, nítorí àwọn ọkọ̀ máa ń dúró gbọingbọin ní Ṣàngó Ọ̀tà bí alẹ́ bá ti ń lẹ́.